Alternator Camry nínú Píjò 504: bí mo ṣe ṣe é ní Mushin

Alẹ́ Jímọ̀ kan ni Màmá, oníbàárà mi kan, pè mí láti orí afárá Èkó. Òjò ń rọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti dé, wáípà ń fà tìkọ̀tìkọ̀, iná iwájú ọkọ̀ sì ti pọ́n bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. "Bùọ̀dá Rewáyà, ọkọ̀ yìí fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ o." Mo ní kí wọ́n pa éèsì, kí wọ́n pa rédíò, kí wọ́n fi iná iwájú àti wáípà nìkan sílẹ̀, kí wọ́n má sì pa ẹ́ńjìnì títí wọn yóò fi wọ ilé wọn ní Sùúrùlérè. Wọ́n délé. Ní àárọ̀ Sátidé, ọmọ iṣẹ́ mi lọ fi bátìrì mìíràn sítáàtì rẹ̀, ó gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Mushin.

Píjò 504 funfun ni, ti ọdún 1982, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúnà, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ọkọ Màmá ló rà á ní tuntun. Bàbá ti lọ, ọkọ̀ ṣì wà. Àwọn tó fẹ́ rà á láti gé e tà ní wẹ́wẹ́ kò níye, Màmá kò sì dá wọn lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, tí mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí fún ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tó fẹ́ràn, tí kò rí alternator tuntun rẹ̀ rà mọ́ (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí kó lè pèsè iná fún ọkọ̀, kó sì máa ṣáàjì bátìrì), tàbí tó rí páńdá nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ọkọ̀ ń jẹ

Alternator Màmá kò kú. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù ú lọ. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn wà ní tuntun, kò ní éèsì, bẹ́líìtì ló ń yí fáànù rédíétọ̀ rẹ̀, rédíò rẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Láti ìgbà náà, mẹkáníìkì kan ti fi éèsì sí i, òmíràn ti yọ fáànù bẹ́líìtì kúrò, ó fi fáànù iná méjì rọ́pò. Kò sẹ́ni tó bi alternator léèrè bóyá ó lè gbé e.

Ẹ gbé bébà, ẹ bá mi kà á. Iná iwájú méjì, 55 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, di 110 wáàtì. Ẹ fi 12 pín in, ó lé díẹ̀ ní 9 ámpù. Iná ẹ̀yìn àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù, 4. Kọ́ìlì, 4. Fáànù éèsì inú ọkọ̀ tí ẹ bá ṣí i dé òpin, 12. Kọ̀mpírẹ́sọ̀, 4. Fáànù iná méjèèjì níwájú rédíétọ̀, 20. Wáípà, 5. Ó di 58 ámpù. Mo wá tan gbogbo rẹ̀, mo fi mítà oníkílámpù, èyí tó ń há wáyà lẹ́nu láti ka ámpù, há wáyà alternator àtijọ́ yẹn, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnì: 34 ámpù ló lè gbé jáde, kò lè kọjá ibẹ̀. Èyí tó kù, ara bátìrì ló ti ń yá a. Bátìrì tó bá ń yáni lójoojúmọ́ tí wọn kò san án padà, ọjọ́ òjò ni yóò béèrè owó rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára alternator. Bí ẹ bá rí "80A" lára rẹ̀, ìgbà tí alternator fúnra rẹ̀ bá ń yí ní nǹkan bí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan ni. Nínú gó-sílò ní Ojúẹlẹ́gbà, ẹ́ńjìnì yín ń yí ní 800. Bí púlì ẹ́ńjìnì bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti alternator, alternator ń yí ní 1,600 péré. Níbẹ̀ yẹn, 80 lè di ìlàjì. Ìlú Èkó sì ni a wà, ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró ju bó ṣe ń rìn lọ. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń wo nọ́ńbà ámpù, ẹ máa wo púlì pẹ̀lú.

Ẹ ó ní, ṣé kí n kúkú ra 120 ámpù? Rárá o. Píjò 504 bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló fi ń yí i, bẹ́líìtì onígun tẹ́ẹ́rẹ́. Láti gbé 80 ámpù jáde, alternator ń gba nǹkan bí kílówáàtì méjì lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, ara bẹ́líìtì yẹn sì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ẹ bá fi 120 sí i, bẹ́líìtì yóò máa ké ní gbogbo àárọ̀, yóò máa yọ̀, yóò sì jóná. Èmi dúró sí 70 tàbí 80.

Ládìpọ̀

Mo lọ sí Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, fúnra mi, mi ò rán ọmọ iṣẹ́. Ohun tí mo ń wá ni alternator Toyota àtijọ́, ti Camry 1992 sí 1996, tàbí Corolla ìgbà yẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé régúlétọ̀ rẹ̀, ohun tó ń ṣọ́ fóòtì (volt) kó má kọjá ààlà, wà nínú rẹ̀, kò nílò kọ̀ǹpútà kankan láti sọ ohun tí yóò ṣe fún un, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló sì wà nínú pílọ́ọ̀gì rẹ̀: S, IG àti L. Àwọn alternator ìsinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń darí, ẹ fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà. Kábọ̀n tó ń gbé iná dé ara ọ̀pá tó ń yí, dáyóòdù tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, régúlétọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó rí rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ti Toyota yìí, lọ́jọ́ tó bá ṣe díẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju òmíràn lọ.

Ibi tí mo ti rí i, orí ẹ́ńjìnì ló ṣì wà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ti yọ, tí wọ́n ti fi pẹntiróòlù wẹ̀, tí wọ́n sì ti kùn ní sílífà, mi ò kì í gbà á, torí ọ̀dà ń bo ẹ̀ṣẹ̀. Kí ọmọ Ládìpọ̀ tó fi sípáná kàn án, mo sọ fún un pé kí ó gé pílọ́ọ̀gì náà pẹ̀lú wáyà rẹ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ má gbàgbé èyí. Bí ẹ bá délé tí ẹ kò ní pílọ́ọ̀gì, ẹ ó máa fi wáyà há ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òjò kan péré ni yóò tú u.

Lẹ́yìn náà mo yí púlì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó yẹ kó yí jẹ́jẹ́, láìhan bí ata inú ọlọ. Mo mì í sọ́tùn-ún sósì: kò gbọdọ̀ jì. Mo gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Alternator tó ti jóná ní òórùn tirẹ̀, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò ní gbàgbé. Mo yọ iná fóònù wo bàbà inú rẹ̀ láti ojú ihò: ó yẹ kó pọ́n bí oyin, bó bá dúdú bí èédú, ẹ dá a padà.

Mítà ló kàn, ọwọ́ mítà sì ni ẹlẹ́jọ́ ti ń tẹnu bọ òótọ́. Ẹ yí i sí ibi tí a fi ń wo dáyóòdù. Ẹ fi ẹnu pupa kan ara alternator, ẹ fi ẹnu dúdú kan bóòtù ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ B sí: yóò ka nǹkan bí 0.8 sí 1 fóòtì, torí dáyóòdù méjì ló tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ pààrọ̀ ọwọ́: kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Bó bá ka òdo lápá méjèèjì, àwọn dáyóòdù ti kú sínú, bí ẹ bá sì so ó mọ́ bátìrì, yóò mu bátìrì yẹn gbẹ mọ́jú. Ọmọ Ládìpọ̀ náà rí mi, ó ní, "Alàgbà, ẹ̀yin ò gbà wá gbọ́?" Mo ní mo gbà á gbọ́, mítà ni kò gbà á gbọ́. A dúnàádúrà, mo sanwó.

Mo tú u ní ṣọ́ọ̀bù

Àlòkù ni àlòkù ń jẹ́. Bó ti wù kó dán tó, mo máa ń tú u kí n tó gbé e sí ọkọ̀ oníbàárà. Ìdérí ẹ̀yìn jáde, lẹ́yìn náà ilé kábọ̀n, régúlétọ̀, àti àwo dáyóòdù. Kábọ̀n Toyota tuntun máa ń yọ síta ní 10.5 mm, bó bá ti kù sí 1.5 mm, ó ti parí. Ti èyí kù sí bíi 4. Ó ṣì lè ṣiṣẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, nítorí owó kékeré ni kábọ̀n, mi ò sì fẹ́ kí Màmá tún pè mí láti orí afárá.

Mo fi mítà wọn òrùka bàbà méjèèjì orí ọ̀pá rẹ̀: 2.8 óòmù. Láàárín 2 sí 4 ló yẹ kó wà. Mo wọn òrùka kan sí ara ọ̀pá: kò ka nǹkan kan, ó dára. Mo fi sáńdípépà tó kúnná jù lọ fọ òrùka náà títí ó fi ń dán. Bí èékánná yín bá ń há sínú kòtò tí kábọ̀n ti gbẹ́ sí i, ọ̀pá yẹn kò wúlò mọ́.

Bẹ́árìn iwájú ń kùn díẹ̀. 6303 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 17 mm. Mo mú un lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bẹ́árìn, mo sì ra méjì, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ má fi òòlù lu bẹ́árìn wọlé láti etí inú nígbà tó jẹ́ pé etí òde ló ń há. Ẹ wá ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá etí náà mu, kí ẹ fi tì í.

Bí ó ṣe wọ ibẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ọkọ̀, ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù sílẹ̀.

Alternator Camry kì í wọ ilé Píjò tààrà. Mo gé páálí Indomie, mo fi ya àwòrán ibi tí bóòtù méjèèjì yóò wà, mo gbé páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, mo gé e, mo tún un gé, títí ó fi wọ̀. Kí irin tó bàjẹ́, kí páálí kọ́kọ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo mú un lọ bá wẹ́dà pé kó fi irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní 8 mm ṣe é. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò máa gbọ̀n, ohun tó bá ń gbọ̀n yóò sán.

Púlì Camry ní ojú wẹ́wẹ́ púpọ̀, bẹ́líìtì Píjò sì jẹ́ onígun kan. Mo yọ púlì Píjò kúrò lára alternator àtijọ́, mo wọn ihò rẹ̀, ó kéré sí ọ̀pá alternator Camry. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, bá mi gbòòrò rẹ̀ sí 17 mm geere. Ti yín lè yàtọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lọ. Púlì yìí ṣe Màmá lóore: tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì àti díẹ̀ ló máa ń yí kí ẹ́ńjìnì tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí ẹ ó ti lo àkókò jù ni kí púlì alternator àti ti ẹ́ńjìnì wà lójú kan náà. Mo gbé irin gbọọrọ lé ojú méjèèjì. Bí ó bá yà ju 2 mm lọ, bẹ́líìtì yóò máa jẹ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yọ ọ́, tí mo fi wáṣà bọ̀ ọ́, kó tó tọ́. Bẹ́líìtì tuntun, kí ẹ fà á títí tí àtàǹpàkò bá tẹ̀ ẹ́ láàárín, kó lọ sílẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ má fi irin gígùn fà á bí ẹni ń jà: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́árìn ni yóò sì jìyà agídí.

Wáyà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, mo gbé alternator ńlá sí ọkọ̀ àtijọ́ kan, mo sì fi wáyà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń ṣáàjì dáadáa, inú mi dùn, inú oníbàárà dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ní òru, ní ojú títì Ìkòròdú, wáyà yẹn yọ́ mọ́ ara ọkọ̀. Bàbá àti ọmọ méjì ló wà nínú rẹ̀. Iyanrìn ni wọ́n fi pa iná náà. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Alternator ni ẹnu odò, wáyà ni ọ̀nà tí omi ń gbà. Bí ẹ bá ṣí ẹnu odò tí ẹ kò gbẹ́ ọ̀nà, ilé ni omi yóò wọ̀.

Nítorí náà: láti bóòtù B lọ sí pósítíìfù bátìrì, wáyà bàbà 16 mm² ni mo fà, lọ́tọ̀, láìgba inú wáyà àtijọ́ kọjá. Ní ẹ̀gbẹ́ bátìrì, mo fi fíúsì 100 ámpù sí i, kó má jìnnà sí bátìrì ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Wáyà àtijọ́, mo dí ẹnu rẹ̀, mo sì dè é kúrò lójú ọ̀nà. Nínú àwọn ọkọ̀ kan tó ní mítà ámpù ní dáṣíbọ́ọ̀dù, gbogbo iná ṣáàjì ló ń gba inú mítà yẹn kọjá. Kò lè gba 80. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ fi mítà fóòtì rọ́pò.

Tí ẹ bá ń ra wáyà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú ẹ̀ka rẹ̀ kan kí ẹ tó sanwó. Wáyà kan ti pọ̀ lọ́jà báyìí tó pupa bí bàbà lóde, tó sì funfun nínú: alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà kùn. Ó ń gbóná, ó ń ṣẹ́, ìpẹta sì ń jẹ ẹ́ lórí. Bàbà gidi pupa wọnú.

Ọ̀nà àbọ̀ náà ṣe pàtàkì bákan náà, òun sì ni àwa rewáyà máa ń fojú fò. Iná tó jáde láti alternator gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà. Mo fa 16 mm² mìíràn láti ara alternator sí ara ẹ́ńjìnì, mo fa òmíràn láti ẹ́ńjìnì sí nẹ́gétíìfù bátìrì, mo tún fa kan láti ibẹ̀ sí bọ́dì ọkọ̀. Níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kan irin, mo fi sáńdípépà ha ọ̀dà àti ìpẹta títí irin fi funfun, mo dì í, mo wá fi gíríìsì bò ó lókè.

Àwọn wáyà kékeré mẹ́ta kò le. S lọ sí pósítíìfù bátìrì tààrà, kí régúlétọ̀ lè mọ fóòtì tó dé ibẹ̀ gan-an. IG lọ sí ibi tí iná máa ń wà nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Mo rí i lára pílọ́ọ̀gì régúlétọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èyí tí kò níṣẹ́ mọ́, tí mo sì yọ. L lọ sí iná ṣáàjì dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti mọ wáyà iná ṣáàjì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi ẹnu wáyà tí ẹ fura sí kan bọ́dì: bí gílóòbù ṣáàjì bá tàn, òun ni.

Má ṣe yọ orí bátìrì

Ẹ̀yin ará, àṣà kan wà ní àgbàlá mẹkáníìkì tí mo fẹ́ kó dópin. Wọ́n á sítáàtì ọkọ̀, wọ́n á yọ orí bátìrì, wọ́n á ní, "Ṣé o rí i, kò kú, alternator ń ṣiṣẹ́." Láyé dáínámò àwọn àgbà, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Lórí alternator, bátìrì ló ń gba ìjì fóòtì mọ́ra. Tí ẹ bá yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, fóòtì yóò fò sókè lójijì, yóò sì pa dáyóòdù, régúlétọ̀, àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó bá ní in. Mo ti ṣe àtúnṣe ọ̀pọ̀ alternator tí ohun tó pa á kò ju àyẹ̀wò yìí lọ.

Àyẹ̀wò tó dára rèé. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má sítáàtì, kí ẹ gbé sùkúrúù-dráífà sún mọ́ ẹ̀yìn alternator níbi bẹ́árìn. Bó bá ń fà á bí òòfà, iná ti dé inú rẹ̀. Bí kò bá fà á, ẹ padà sídìí IG àti kábọ̀n.

Ohun tí mítà kà lára ọkọ̀ Màmá: kí a tó sítáàtì, 12.6 fóòtì lórí bátìrì. Lẹ́yìn tí a sítáàtì, 14.2. A tan gbogbo nǹkan, ẹ́ńjìnì ní 1,500: 14.0. Láàárín bóòtù B àti pósítíìfù bátìrì, nígbà tí gbogbo iná ń ṣiṣẹ́, 0.12; bó bá ju 0.3 lọ, wáyà tàbí orí rẹ̀ kò dára. Láàárín ara alternator àti nẹ́gétíìfù, 0.05. Mo yí mítà sí fóòtì AC lórí bátìrì: 0.04. Ẹni tó bá rí ìdajì fóòtì níbẹ̀, dáyóòdù rẹ̀ kan ti lọ.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì dúró sójú kan pẹ̀lú gbogbo nǹkan ní títàn, ó wá sí 12.9. Mi ò fi pamọ́ fún Màmá. Mo gbé ìdúró ẹ́ńjìnì sókè díẹ̀, sí 900, ó di 13.3. Mo sì sọ fún wọn pé nínú gó-sílò òru, kí wọ́n dá fáànù éèsì padà sí ìpele kejì. Wọ́n ní, "Ìyẹn ò ṣòro, ọmọ mi. Kí n ṣá ti rí iwájú."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo ní kí wọ́n gbé e padà wá, nítorí bẹ́líìtì tuntun máa ń rọ̀. Mo fà á ní ìlàjì ìyípo bóòtù, mo tún dì orí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fọwọ́ kan fíúsì bóyá ó gbóná. Tútù ló wà.